Alágbàfọ̀ Tó Fi Àná Kọ́ Hángà

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kínní ọdún tó kọjá, alágbàfọ̀ kan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, gba máàkì mẹ́rin nínú ogún.

Ìdánwò èdè Faransé ni. Ìbéèrè ogún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì dá lórí ohun kan ṣoṣo: bí Faransé ṣe ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Tíṣà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ kà á sí mẹ́rìnlá.

Yàrá tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ wà ní òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta táyà nísàlẹ̀. Àga mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn kò ní ẹsẹ̀ tó pé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ló ń wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti ti Sátidé, nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ dé ni àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta máa ń kàn. Tíṣà jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tó ní súútù dúdú kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ́ni níbẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tó lè dìde dúró kó sọ ohun tó ṣe lánàá ní Faransé láìṣìnà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń dá lẹ́bi.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó fi ìka méjì gbé ìwé alágbàfọ̀ sókè, bí ìgbà tí èèyàn bá gbá ìrù òkú eku mú.

"Bàbá yìí kọ ọ́ pé j'ai allé. Ẹ̀yin ará, kí ló burú níbẹ̀?"

Ó na ìwé náà sí wọn.

"Ó ní òun ní lọ! Ẹ ti rí ẹni tó ní lọ rí? Bàbá, inú àpò wo lẹ kó lọ yín sí?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé àgbà tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ṣe é. Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sápò, ó sì tún padà wá ní Sátidé.

Kò sí ohun tó gbé e dé ibẹ̀ ju fóònù lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ó lọ́kọ síbẹ̀, ó sì bí ọmọbìnrin kan síbẹ̀. Ọmọ náà ti pé ọdún méje, kò sì gbọ́ èdè mìíràn lẹ́yìn Faransé. Ìyá rẹ̀ ní ó wu òun láti kọ́ ọ ní èdè ilé, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí òun ráyè. Ọdún méje gbáko ni iṣẹ́ kò fi jẹ́ kó ráyè.

Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń pè é. Ìyá ọmọ ni ògbufọ̀. Ní Sọ́ńdè kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ọmọ náà béèrè bí Bàbá àgbà ṣe pàdé Ìyá àgbà, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí i. Alágbàfọ̀ ti ń retí irú ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀. Ó fà á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: búláòsì funfun kan, áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan, obìnrin kan tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣe ohùn obìnrin náà. Ó ṣe ohùn ara rẹ̀ nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi sọ ọ́. Nígbà tó parí, ó gbọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ yíjú sí ọmọ tó sì sọ pé:

"Papy dit bonjour."

"Bonjour, Papy," ni ọmọ náà wí.

Alágbàfọ̀ bi ọmọbìnrin rẹ̀ pé: "Kí lo sọ fún un?"

"Ohun tí ẹ sọ náà ni, Bàbá."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Èmi sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìwọ sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta."

"Bàbá, Faransé kì í gùn."

Oṣù tó tẹ̀lé e ló forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n kọ́ wọn ní ìkíni. Ó ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn padà sí i létí, tó sì yé e. Bàbá àgbà ní kí òun kí ọ. Tán. Búláòsì kò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń pariwo kò sí níbẹ̀. Ó rọra gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ kó má baà jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì aláìṣẹ̀ kankan.

Kò bá ọmọ rẹ̀ jà. Ó kàn pinnu. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa wá fi ọjọ́ márùn-ún ṣe ìsinmi ilé-ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, òun á ti lè fi ẹnu ara òun sọ ìtàn ìyàwó òun, láìsí ògbufọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Wọ́n ti kọ́ ọ ní mò ń fọ̀, mò ń lọ̀, mo kí yín. Òní nìkan ló mọ̀. Obìnrin tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ kò sì ṣeé fi òní sọ.

Ẹni tó gbọ́ ìpinnu yìí ni ṣúmékà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ló pààlà wọn, débi pé bí ọ̀kan bá sín, èkejì á kí i. Láti ọjọ́ tí ìwé Faransé ti wọ ṣọ́ọ̀bù ni ṣúmékà ti sọ ọ́ ní Mùsíọ̀, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, àwọn oníbàárà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Mùsíọ̀! Mélòó lo gbà?"

"Mẹ́rin."

"Nínú márùn-ún?"

"Nínú ogún."

Ṣúmékà yọ ìṣó lẹ́nu. "Kò burú. Bàtà náà, méjì péré ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì ń gbé èèyàn rìn."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Gbọ́ mi ná. Tiwa ńkọ́? Ọ̀la, màá lọ. Àná, mo lọ. Lọ ni lọ ń jẹ́. Ti àwọn wọ̀nyí, bí àná bá ti dé báyìí, lọ á bọ́ aṣọ ọrùn ẹ̀, á wọ òmíràn, á tún wá ẹni tó máa gbé e dúró. Àná ṣáà ti kọjá! Ta ló tún ń múra fún?"

"Ìwọ tó jẹ́ pé aṣọ tí àwọn èèyàn bọ́ lo fi ń jẹun, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ẹni tí inú ń bí kì í fọkàn sí ọwọ́, ó sì ju ṣẹ́ẹ̀tì kan sórí irin láìfi hángà sí i. Ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e, ó tún jù ú, ó tún bọ́. Ó dúró, ó ń wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì ìlọṣọ lójú fèrèsé, agbada ṣítáàṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti irin gbọọrọ méjì tó la yàrá kọjá. Irin ọ̀tún wà fún aṣọ tó máa dúró de ẹni tó ni ín. Irin òsì wà fún aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ máa gbé lọ sí ilé wọn, èyí tó ń jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni kò fi tíì da méjèèjì pọ̀ rí. Kò sì sí aṣọ kankan, ì báà jẹ́ ti olówó tàbí ti tálákà, tó lè dá dúró lórí irin láìsí hángà.

Ó mú ìwé Faransé. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń sọ àná. Èkejì ni iṣẹ́ tí èèyàn ṣe, tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì ti ká. Ti ìṣáájú kò ṣe iṣẹ́ kankan, gbígbé ló ń gbé èkejì dúró, hángà lásán ni. Avoir, tó túmọ̀ sí ní, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Être, tó túmọ̀ sí wà, ń gbé ìwọ̀nba díẹ̀: lọ, wá, dé, wọlé, jáde, gòkè, ṣubú, padà, ká bí èèyàn, kí èèyàn kú. Tíṣà ti fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe orin tí kò sí ẹni tó rántí. Alágbàfọ̀ wo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń jáde. Irin òsì!

Ó gé páálí wẹ́wẹ́, irú èyí tó fi ń kọ nọ́ńbà aṣọ oníbàárà. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú hángà rẹ̀, ó sì fi píìnì fi wọ́n kọ́ láàárín aṣọ àwọn èèyàn. A lavé, ó fọ̀, a mangé, ó jẹun, a crié, ó pariwo, sí ọ̀tún. Est allé, ó lọ, est parti, ó kúrò, est tombé, ó ṣubú, sí òsì. Bó bá jẹ́ obìnrin ló jáde, wọ́n á fi lẹ́tà kan sí ìparí ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni rán léèsì sí etí yẹ̀rì. Ìyẹn náà yé e.

Ṣúmékà yọjú. "Kíkú ńkọ́? Ó ṣe wà nínú àwọn tó ń jáde?"

"Ìwọ rò pé ó máa ń dúró síbẹ̀?"

Ó ń lọ̀, ó ń kà. Bó bá ta omi sí aṣọ, á ka ọ̀rọ̀ kan. Bó bá yí aṣọ padà, á ka òmíràn. Ó ń já páálí bọ́ láti dán ara rẹ̀ wò, ó sì ń dá wọn padà sáyè wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, kò ṣi èyíkéyìí dá padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó ṣi ọ̀kan.

Tíṣà gbé súútù dúdú rẹ̀ kan ṣoṣo wá fọ̀. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ni. Ó jẹ́ àṣà alágbàfọ̀ láti fi píìnì de nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn kóòtù, níbi tó là nísàlẹ̀, kí ojú píìnì má baà hàn níwájú. Ó gbé súútù náà lọ sílé Tíṣà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà wọ̀ ọ́ lọ sí ilé-ìwé girama tó ti máa ń kọ́ni ní òwúrọ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi kọ̀wé sójú pátákó, ó kẹ̀yìn sí kíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ibi tí kóòtù ti là, páálí funfun kan wà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé est mort. Ó ti kú.

Àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n kà. Òun ló kọ́ wọn. Ọ̀kan dìde dúró, ó tẹrí ba, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Èkejì dìde. Nígbà tí Tíṣà fi máa yíjú padà, gbogbo kíláàsì ló wà lórí ìdúró, wẹ́lo, wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣẹ̀yẹ fún olóògbé. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì fún gbogbo wọn ní máàkì kọ̀ọ̀kan fún ìwà rere.

Ìyáàfin ọ̀gá ilé-ìwé ló yọ páálí náà ní ọ̀sán. Ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò tíì lù nígbà tí Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù, páálí lọ́wọ́.

"Bàbá, ta ló kọ èyí?"

Alágbàfọ̀ fi awò sójú. Ojú rẹ̀ là. "Há, Tíṣà! Èmi ni. Ibi tí mo ti ń wá a láti àná! Ibo lẹ ti rí i?"

"Ní ìdí mi."

Ní òdìkejì pákó, ṣúmékà kó ìṣó mẹ́rin sẹ́nu kó má baà rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ yíjú sí irin òsì. Níbi tó yẹ kí kíkú wà, nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló ń mì dirodiro. Ó di orí mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà. Ẹ fi orí jì mí. Ojú ló tàn mí. Ẹ̀yin lẹ ṣì wà láyé, ẹ máa pẹ́ níbẹ̀…"

Ṣùgbọ́n Tíṣà kò gbọ́ ọ. Páálí náà ló ń wò. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ẹ ò tiẹ̀ kọ a mort," ó wí jẹ́jẹ́. "Est lẹ kọ. Hmm. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọ́ nǹkan yìí. Ẹni àkọ́kọ́ tó máa kọ ọ́ láìṣìnà, èmi ló fi pa."

Ìṣó fò jáde lẹ́nu ṣúmékà. Wọ́n gbọ́ nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sílẹ̀.

Tíṣà ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ irin, ó ń ka páálí láàárín ṣòkòtò àti yẹ̀rì. Ó kà dé ìdí òsì, ó sì dúró. "Èyí kò yẹ kó wà níbí. Sísáré. Ọ̀tún ni."

"Sísáré?" ni alágbàfọ̀ wí. "Tíṣà, ẹni tó sáré kò kúrò níbi tó wà ni?"

"Faransé ní kò kúrò."

"Á jẹ́ pé ojú kan ni wọ́n ti ń sáré níbẹ̀," ni ṣúmékà wí láti ẹ̀yìn pákó.

Ní Sátidé, Tíṣà kó hángà mọ́kànlá wá sí kíláàsì. Ó ní ọgbọ́n tuntun kan tí òun jókòó ronú kàn ni. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbọ́ ọ yé lọ́jọ́ yẹn, inú Tíṣà sì dùn sí ara rẹ̀ jọjọ. Alágbàfọ̀ jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Gbèsè òkú ló kà á sí, ó ṣáà ti fi páálí pa Tíṣà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin pé. Ọmọ dé, ìyá rẹ̀ dé. Odindi ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí. Bí bàbá rẹ̀ bá la ẹnu, á ti gbà á sọ; ohun tó gba ìṣẹ́jú kan á di èémí kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ṣọ́ọ̀bù, alágbàfọ̀ ní:

"Lọ bá mi ra ọṣẹ."

"Bàbá, ọṣẹ kún ibí bámúbámú."

"Irú mìíràn ni mò ń wí."

"Ta ló máa wá túmọ̀ fún yín?"

"Ṣé ọṣẹ náà ló fẹ́ ògbufọ̀ ni? Máa lọ."

Ó jáde, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí ní iwájú ṣúmékà, ó na etí.

Alágbàfọ̀ dúró sídìí tábìlì. Kò wo irin. Ó gbá áyọ́ọ̀nù mú, tútù ni, ó sì fi tẹ orí tábìlì.

"J'ai brûlé le chemisier." Mo jó búláòsì náà.

Ọmọ náà gbé ojú sókè.

"Ta grand-mère est arrivée. Elle a crié." Ìyá àgbà dé, ó pariwo. Alágbàfọ̀ náà sì pariwo bí obìnrin náà ṣe pa á, tí ajá ìta fi gbó. "Elle est partie." Ó lọ. Ó fi ìka méjì rìn kọjá lórí tábìlì. Ọjọ́ kejì: "Elle est revenue. Elle a crié." Ó padà wá, ó tún pariwo. Ọjọ́ kẹta: elle est revenue. Ní ọjọ́ kẹrin, búláòsì mìíràn ti rọ́pò èyí tó jó, síbẹ̀, ọjọ́ karùn-ún, elle est revenue. Ọmọ náà ń fi ìka kà á, ẹ̀rín sì ti ń pa á. Alágbàfọ̀ ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ tún méjì ṣe fún un, ó sì fi ẹ̀kẹta jì í, èyí tí Tíṣà kò jẹ́ ṣe.

Ọjọ́ kẹwàá, obìnrin náà wá, kò pariwo. Ó gbé búláòsì kan wá pé kó bá òun fọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ wá ọ̀rọ̀ tó kàn títí. "Le chemisier… propre." Mímọ́ ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a dáadáa kó tó gbé e wá.

Ọmọ náà la ẹnu. Ọdún méje péré ni, ó sì yé e kíá.

"Et tu as compris?" ló béèrè. Ṣé ó yé ẹ?

Ìbéèrè yẹn kò sí lára páálí kankan. Ṣùgbọ́n àná ni wọ́n fi béèrè rẹ̀, hángà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ ketekete.

"Non," ló wí. "J'ai lavé."

Rárá. Mo fọ̀ ọ́.

Ọmọ náà ṣubú lu òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Níta, ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ṣúmékà.

"Kò sọ èyí fún mi rí. Pé ó fọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́ rí."

Ṣúmékà kan ìṣó kan wọlé tán kó tó dáhùn. "Ṣé o bi í?"

Sọ́ńdè tí wọ́n padà délé, fóònù dún bó ṣe máa ń dún. Ìyá ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀, ọmọ yín ní kí n kí yín." Alágbàfọ̀ gbọ́ tí ọmọ náà sọ ohun kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí, ó gbọ́ tó padé lẹ́yìn ìyá. Òun àti ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún, kò sì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ọmọ rẹ kò gbọ́ èdè bàbá rẹ. Má wulẹ̀ wí pé o kò ráyè. A ti gbọ́ ìyẹn. Bàbá náà ń dàgbà sí i, ìwọ ni o sì jókòó sí àárín àwọn méjèèjì. Gbé fóònù. Pè é lónìí. Fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí o sì jáde kúrò nínú yàrá.